Gbòǹgbò Ni Ká Wò: Òótọ́ àti Àròsọ Nípa Irun Tó Ń Re

Ọ̀pọ̀ owó tí àwa èèyàn ń ná lórí irun, ohun tó ti kú là ń ná an lé. Ọ̀rọ̀ náà lè ta yín létí, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín òótọ́ àti àròsọ nídìí ọ̀rọ̀ irun. Irun tá à ń yà, tá à ń dì, tá à ń gẹ̀ kò lẹ́mìí. Purotéènì líle kan tó ń jẹ́ keratin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú èékánná. Ẹ̀jẹ̀ kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ìdí sì nìyẹn tí gígẹ̀ rẹ̀ kì í fi í dunni. Èyí tó wà láàyè ni gbòǹgbò rẹ̀, tó fara pamọ́ sínú awọ orí. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá, ibẹ̀ ni họ́mónù, ìyẹn èròjà tí ara ń fi rán ẹ̀yà ara níṣẹ́, ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nǹkan báyìí-báyìí ń mú irun hù tàbí ń mú un re, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ṣé ó dé gbòǹgbò?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ fífá. Wọ́n ní bí èèyàn bá ṣe ń fá irun ni yóò máa nípọn sí i, tí yóò sì máa yára hù. Láti ọdún 1928 ni Mildred Trotter, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara èèyàn ní Amẹ́ríkà, ti dán èyí wò lára àwọn ọkùnrin tó ń fá irùngbọ̀n wọn, ó sì wọn irun náà. Kò nípọn sí i, kò sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ń tan ojú wa jẹ ni pé irun tí abẹ kò tíì kàn rí máa ń tín-ín-rín lórí, bí ẹnu pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Tí abẹ bá gé e nísàlẹ̀, ibi tó nípọn ni yóò kọ́kọ́ yọ síta, ọwọ́ tó bá kàn án yóò sì rò pé irun tó le ju ti àtẹ̀yìnwá ló hù. Abẹ kò dé gbòǹgbò rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń gé ṣóńṣó irun kí ó lè yára gùn. Irun orí máa ń gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, yálà ẹ gé ṣóńṣó rẹ̀ tàbí ẹ ò gé e. Àǹfààní tó wà nínú gígé e ni pé ibi tó ti là sí méjì kò ní máa là lọ sókè, irun kò sì ní máa já padà sẹ́yìn. Kò sí ìpara tó lè so irun tó ti là pọ̀ títí láé. Ṣe ló kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí di ìgbà tí omi bá tún kàn án. Àwọn kan tilẹ̀ gbà gbọ́ pé irun òkú ṣì máa ń hù nínú pósí. Awọ ara ló gbẹ tó sì sún kì, irun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá hàn síta ju ti ìṣáájú lọ.

Ohun tó ń kó jìnnìjìnnì bá èèyàn jù ni irun tó ń wá sọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fọ orí. Ìdí nìyí tí àwọn kan kì í fi í fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo bí gbòǹgbò irun ṣe ń ṣiṣẹ́. Irun tó wà lórí àgbàlagbà tó nǹkan bí 100,000, gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìgbà iṣẹ́ àti ìgbà ìsinmi tirẹ̀. Ó lè fi ọdún 2 sí 6 ṣiṣẹ́, tí irun rẹ̀ á máa gùn. Lẹ́yìn èyí, yóò fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dẹwọ́ iṣẹ́, yóò wá sinmi fún nǹkan bí oṣù 3. Nígbà tí ìsinmi bá parí, irun àtijọ́ á re, tuntun á sì máa bọ̀ lójú ihò kan náà. Nínú irun 10 tó wà lórí yín lónìí, nǹkan bíi 9 ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ìyókù ń sinmi. Ìdí nìyí tí irun bíi 50 sí 100 fi ń re lórí ẹni tí ara rẹ̀ le koko lójoojúmọ́.

Ẹ wá fi èyí ṣírò irun tí wọ́n dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Irun tó re láàárín àkókò yẹn kò rí ọ̀nà bọ́ sílẹ̀, inú ìdì ló há sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u, ohun tó máa bá òòyà wá lè tó 2,000 sí 4,000. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò figbe ta pé irun òun ti tán, yóò sì dá onídìrí lẹ́bi. Gbèsè ọjọ́ 42 ló san lẹ́ẹ̀kan náà. Omi àti ọṣẹ kì í fa irun tó ń ṣiṣẹ́ tu; èyí tó ti re tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbé jáde.

Ẹ tún wo ìdí irun tó bá re. Ẹ máa rí kókó funfun bíńtín kan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé gbòǹgbò ni, pé irun kò ní hù lójú ibẹ̀ mọ́. Kì í ṣe gbòǹgbò. Ìdí irun tó parí ìsinmi rẹ̀ ni, gbòǹgbò ṣì wà nínú awọ. Àmọ́ kókó yẹn wúlò púpọ̀, torí òun ló máa fi hàn yín bóyá irun ń re ni tàbí ó ń já. Irun tí kò ní kókó nídìí, tí gígùn rẹ̀ kò dọ́gba, láàárín ló ti já. Iná tó gbóná jù, rilásà, àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa irun láró àti òòyà tí wọ́n fi ipá fà nínú irun gbígbẹ ló sábà ń fa jíjá. Oògùn tí wọ́n ń lò fún irun tó ń re kò lè wo irun tó ń já sàn. Ẹ yí bí ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀ padà.

Ibi tí àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ àkókò. Bí ara bá rí ìyọnu ńlá, irú bí ibà líle, iṣẹ́ abẹ, ọmọ bíbí, ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ púpọ̀, ara tó fọn lójijì nítorí oúnjẹ tí wọ́n dín kù, tàbí ìbànújẹ́ tó wọra, ọ̀pọ̀ gbòǹgbò lè dá iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì wọnú ìsinmi. Irun kò ní re lọ́jọ́ yẹn. Ó di nǹkan bí oṣù 2 sí 3 lẹ́yìn náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní wọ̀wọ̀. Ní ọdún 1961 ni dókítà awọ ara kan, Albert Kligman, ṣàlàyé rẹ̀, ó sì fún un lórúkọ tí àwọn dókítà ń pè é títí di òní, telogen effluvium. Nítorí pé oṣù 3 ti kọjá, ẹni tó kàn ti gbàgbé ibà. Ọṣẹ ìfọrun tó rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ló máa dá lẹ́bi. Tó bá yá, yóò ra ìpara olówó gọbọi kan. Irun yóò sì padà hù, torí pé ó ti fẹ́ hù tẹ́lẹ̀, ìpara ni yóò wá gba ìyìn. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà fún irun gbà di olókìkí.

Ti ìyá ọmọ ló yẹ ká dúró lé díẹ̀. Nígbà oyún, họ́mónù tó pọ̀ lára obìnrin máa ń dá ọ̀pọ̀ irun dúró sẹ́nu iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí irun aboyún fi sábà máa ń kún. Lẹ́yìn ìbímọ, họ́mónù yẹn á lọ sílẹ̀, gbogbo irun tó yẹ kó ti re á wá kóra jọ re ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí ìgbà náà. Wọ́n máa ń sọ fún ìyá pé ọmú tó ń fún ọmọ ló ń jẹ irun rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ má tìtorí irun já ọmọ lẹ́nu ọmú. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, irun ti sábà máa ń padà bọ̀ sípò.

Orí pípá yàtọ̀ sí èyí. Òun kì í dé lójijì. Wọ́n ní fìlà ló ń fà á, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni kì í dé orí, àwọn kan tilẹ̀ ní kí èèyàn máa fi orí kanlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè sàn lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1942, James Hamilton ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó bàlágà kò pá lórí. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní họ́mónù ọkùnrin, testosterone, orí àwọn tí apárí wà nínú ẹbí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Họ́mónù àti àbùdá téèyàn jogún ló jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Ara máa ń sọ díẹ̀ nínú testosterone di òmíràn tó lágbára jù ú lọ, DHT. Lára ẹni tí àbùdá rẹ̀ gbà á, DHT á máa gé ìgbà iṣẹ́ gbòǹgbò kúrú, irun á máa tín-ín-rín sí i títí tí ojú kò fi ní rí i mọ́. Gbòǹgbò iwájú orí, ti ẹ̀bátí àti ti àtàrí ni ọ̀rọ̀ náà ń bá jà. Ti ìpàkọ́ kì í sábà gbọ́ ti DHT.

Ohun tó pa ẹnu àwọn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ lẹ́bi mọ́ ni iṣẹ́ tí dókítà Norman Orentreich tẹ̀ jáde ní New York lọ́dún 1959. Ó gbé irun láti ìpàkọ́ lọ sí ibi tó ti pá, irun náà sì ń hù níbẹ̀ bíi pé kò kúrò ní ilé. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tàbí awọ ibẹ̀ ló bàjẹ́, irun àlejò náà ì bá kú. Orí ìwádìí yẹn ni gbogbo iṣẹ́ gbígbin irun dúró lé lónìí. Fìlà ńkọ́? Fìlà kò dé gbòǹgbò, àfi èyí tó fún orí débi pé ó ń fa irun.

Wọ́n tún máa ń ní bàbá ìyá rẹ ni kó o wò, pé tó bá pá lórí, ìwọ náà yóò pá. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn àbùdá tó ń darí rẹ̀ wà lórí kúrómósómù X, ọ̀kan nínú àwọn fọ́nrán tó ń gbé àbùdá nínú ara, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni ọkùnrin ti ń gba X. Àmọ́ nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ àbùdá ọkùnrin tó ju 50,000 lọ wò ní Bìrìtìkó, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017, ibi tó ju 250 lọ ni wọ́n rí tó lọ́wọ́ nínú orí pípá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sí lórí X. Ẹ wo ìdílé bàbá àti ti ìyá pa pọ̀. Kò sì sí òótọ́ nínú pé apárí ní họ́mónù ọkùnrin ju àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ; ìwọ̀n kan náà lè wà lára méjèèjì, gbòǹgbò wọn ni kò dáhùn bákan náà. Ó ń ṣe obìnrin náà, àmọ́ tiwọn sábà máa ń hàn níbi tí wọ́n ti là irun láàárín, tí ojú ìlà yẹn á máa fẹ̀ sí i, tí iwájú orí kò sì ní pá bíi ti ọkùnrin.

Oògùn méjì ló ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni minoxidil tẹ́lẹ̀. Irun tó ń hù lára àwọn tó ń lò ó ló jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń fi sórí, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún ọkùnrin lọ́dún 1988 àti fún obìnrin lọ́dún 1991. Finasteride, tí wọ́n fọwọ́ sí fún irun ọkùnrin lọ́dún 1997, máa ń dín DHT kù. Méjèèjì ń ṣiṣẹ́ níbi tí gbòǹgbò bá ṣì wà láàyè, ó sì gbà tó oṣù mélòó kan kí èèyàn tó rí àyípadà. Tí wọ́n bá dá a dúró, ohun tó hù á tún lọ. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lo finasteride torí ó lè ṣe ọmọkùnrin inú rẹ̀ ní jàǹbá, àwọn ọkùnrin díẹ̀ sì wà tó ń dín agbára ìbálòpọ̀ wọn kù. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí jù, ìyẹn irun tí gbòǹgbò rẹ̀ kú nígbà tí à bá ti gbà á là. Wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ obìnrin láti kékeré pé irun tó bá dunni ló dára, òun ni kì í tètè bàjẹ́. Irọ́ tó ń ṣe ni léṣe ni. Ìrora yẹn ni gbòǹgbò fi ń ké. Ní ọdún 1907 ni wọ́n ti kọ̀wé nípa irun tó ń re nítorí fífà ní Greenland, lára àwọn obìnrin tó ń fa irun wọn le ṣù sókè orí. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ìléròrò kéékèèké létí irun àti irun tó ń fúyẹ́ ní ẹ̀bátí àti iwájú orí. Ó sì sábà máa ń ṣẹ́ irun wẹ́wẹ́ díẹ̀ kù síwájú pátápátá, torí pé àwọn yẹn kúrú jù fún onídìrí láti mú. Tí wọ́n bá dá fífà náà dúró lásìkò yìí, irun á padà hù. Tí wọ́n bá ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpá á gba ipò gbòǹgbò, ojú ibẹ̀ á máa dán, kò sì sí òróró tó lè jí i dìde. Irun dídì kò lẹ́ṣẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kó dẹ̀, ẹ má fi irun àfikún tó wúwo sórí irun tí rilásà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ẹ máa fún orí ní ìsinmi láàárín ìdì kan sí òmíràn. Bí ẹ bá ní láti gbé oògùn ìrora mì kí ẹ tó lè sùn lẹ́yìn tí ẹ dirí, ẹ tú u lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ti ọmọbìnrin kékeré tó bá ń sunkún lábẹ́ ọwọ́ onídìrí.

Òmíràn tó ń pa gbòǹgbò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, á wá máa fẹ̀ yíká. Àwọn dókítà ń pè é ní CCCA, obìnrin adúláwọ̀ ló sì ń ṣe jù. Ní ọdún 1968, wọ́n ní òòyà gbígbóná ló ń fà á, wọ́n tilẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n rí i lára àwọn tí kò lo òòyà bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tó sì di ọdún 2019, ìwádìí fi hàn pé àbùdá kan tó ń jẹ́ PADI3, tó ń bá wọn mọ irun, ní àyípadà lára àwọn kan nínú wọn. Nítorí náà, kì í ṣe pé obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Àtàrí lè máa jó o, ó lè máa yún un, ó sì lè má ṣe é ní nǹkan kan rárá títí irun á fi fúyẹ́. Ìtọ́jú lè dá a dúró níbi tó bá dé, kò lè jí ibi tó ti di àpá.

Irun tó bá ṣí ní ojú kan roboto, ẹ má ṣe tètè rò pé ó lọ́wọ́ ayé nínú. Tí ojú ibẹ̀ bá ń jọ̀lọ̀, tí kò sí èépá, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń ṣi gbòǹgbò mú bí ọ̀tá. Alopecia areata ni wọ́n ń pè é, gbòǹgbò kò sì kú, ìdí nìyẹn tí irun fi lè padà kódà láìlo oògùn. Fún èyí tó bá le gan-an, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí baricitinib ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Àmọ́ tó bá jẹ́ orí ọmọdé, tó ń yún un, tó ní èépá, tí irun já wẹ́wẹ́ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ làpálàpá. Ìpara nìkan kò lè wo ti orí sàn, nítorí kò lè wọnú gbòǹgbò dé ibi tí kòkòrò sá pamọ́ sí. Oògùn mímu ni, irú bíi griseofulvin tàbí terbinafine, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n yẹ orí àwọn tó ń bá a gbé wò, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a pín òòyà àti fìlà.

Ti ewú kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá fa ewú kan tu, ọ̀kan náà ló máa padà wá, torí gbòǹgbò kan ni. Orí ẹnikẹ́ni kò sì lè funfun láàárín òru kan. Àwọ̀ irun tó ti jáde kò sí lábẹ́ àkóso gbòǹgbò mọ́.

Ní ti fítámì, biotin kì í ran ẹni tí kò ṣaláìní rẹ̀ lọ́wọ́, àìní rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Ní ọdún 2017, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè da èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú, títí kan èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkàn ẹnì kan ti fara gbọgbẹ́. Fítámì A tó pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ ń mú irun re. Àìtó èròjà irin nínú ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn thyroid, ẹ̀yà ara kan ní ọrùn tó ń ṣe họ́mónù, ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì lè fi méjèèjì hàn.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ tí awọ orí bá ń dùn yín, tó ń jó yín, tó ń ṣe ọyún, tàbí tí ojú ibi tó ṣí bá ń dán tí ẹ ò rí ihò irun níbẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ ronú padà sí oṣù 3 kí irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í re: àìsàn wo ló ṣe yín, oògùn wo lẹ bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú kan náà lóṣooṣù. Ẹ má fi òróró àti ìpara bo orí lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, kí dókítà lè rí awọ. Tó bá ń fura sí irú èyí tó ń di àpá, ó lè fi abẹ́rẹ́ pa ìrora ojú kan, kó gé awọ bíńtín tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 4 fún àyẹ̀wò. Etí ibi tí irun ṣì wà ló ti máa ń gé e, torí gbòǹgbò tí àìsàn náà ń bá jà lọ́wọ́ ló fẹ́ rí. Láàárín ibi tó ti dán, àpá nìkan ló kù láti wò.